Ìwé Ilẹ̀ Kì Í Ṣe Àṣírí

      

Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ò kàn nínú àwa Yorùbá tó wà ní Írẹ́lándì. Owó ilé ní Dublin ti kọjá àfẹnusọ. Owó ilé gbígbé ń jẹ owó oṣù tán kí oṣù tó dé ìdajì. Nítorí náà, àwọn ènìyàn wa ti ń wo ìta. Wọ́n ń wo Longford. Wọ́n ń wo Portlaoise àti Mullingar. Àwọn mìíràn ti ń wo ọ̀nà jíjìn, Roscommon, Leitrim, Mayo, níbi tí owó yàrá méjì ní Dublin ti lè ra odidi ilé pẹ̀lú àgbàlá. Kò burú rárá. Ṣé ẹ rántí Rotimi Adebari, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn? Portlaoise ló fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti yàn án ní mayor lọ́dún 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Ayé ń bẹ lẹ́yìn Dublin.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún yín. Ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn, ta ló ni ín?

Ẹ má sọ fún mi pé ejẹ́ǹtì ti sọ ọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ onílé. Mo ní, nínú ìwé, ta ló ni ín?

Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyí. Ní Írẹ́lándì, ìwé ilẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ ẹnìkan níbẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ lè ṣí i, kí ẹ kà á, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Gbogbo wa la mọ ibi tá a ti ń bọ̀. Ta ni kò tíì rí i lára ògiri rí, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Abẹ́òkúta: "Ilé yìí kì í ṣe títà"? Wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Kí ló ń fà á? Ẹni tí kò ni ilé lè tà á fún ẹni tí kò mọ̀, kí onílé gan-an wà lẹ́nu ìrìn àjò. Wọ́n lè ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ san, ẹni kejì san, ẹni kẹta ti ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Bàbá gba owó, ẹ̀gbọ́n gba owó, àbúrò dé láti ìdálẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ sí i. Ilé ìwé ilẹ̀ wà ní Alausa l'Ékòó, òótọ́ ni, lọ́yà sì lè bá yín wo ìwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò tíì wọ inú ìwé rárá ló pọ̀ jù nílé. Ohun tó sọ ògiri di ìwé nìyẹn.

Ìrírí yẹn kọ́ wa ní nǹkan méjì. Ọ̀kan dára: ká má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkejì kò dára: a gbà pé nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá lẹ́ni ló ń mọ òtítọ́. Èyí kejì yìí la gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbí. Ó máa ń dùn mí. Màá rí àwọn ènìyàn wa, ọlọ́gbọ́n, ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ onílé, ìwé náà sì rèé lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn.

Níbo lórí fóònù? Ẹ mú bírò.

Ìjọba ilẹ̀ yìí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tailte Éireann. Oṣù Kẹta ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan: èyí tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń díye lé dúkìá, àti èyí tó ń ya máàpù. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti wọ inú ìwé wọn ló ní ojú ìwé tirẹ̀. Fólíò ni wọ́n ń pè é. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí landdirect.ie. Máàpù gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà níbẹ̀. Ẹ wá ilé náà lórí máàpù, kí ẹ rí nọ́mbà fólíò rẹ̀. Ẹ san yúrò 5, ẹ̀dà fólíò náà á tẹ̀ yín lọ́wọ́. Yúrò 5 péré o! Ẹni tó fẹ́ ná ọ̀kẹ́ àìmọye sórí ilé, tí kò ná yúrò 5 láti mọ onílé, kí la fẹ́ sọ fún un lẹ́yìn ọ̀la?

Ní ìgbèríko, ẹ máa rí ìdààmú díẹ̀. Ilé ò ní nọ́mbà. Ọ̀nà ò lórúkọ. Àdírẹ́sì wọn ni townland, ìpín ilẹ̀ kéékèèké láti ayébáyé. Wọ́n lé ní 60,000 ní erékùṣù yìí, orúkọ kan náà sì lè wà ní káúńtì mẹ́rin. Ilé mẹ́wàá tó wà ní townland kan lè máa jẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Nígbà tí Eircode dé lọ́dún 2015 ni ilé kọ̀ọ̀kan tó ní àmì tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ abúlé nìkan wá ilé. Ẹ béèrè Eircode. Bó bá jẹ́ àlàpà tí kò ní in, ẹ lọ dúró níwájú rẹ̀. Ẹ wo oríta tó sún mọ́ ọn. Ẹ wo ibi tí odò gbà. Ẹ ka iye ilé tó wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá padà sórí máàpù. Mo ń sọ èyí torí pé ènìyàn lè fara balẹ̀ ka fólíò láti òkè délẹ̀, kó sì jẹ́ fólíò ilé kejì ló ń kà.

Ó dára. Ìwé ti wà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Ká sọ pé ilé kan wà lẹ́yìn Strokestown, ní Roscommon. Ilé olókùúta, òrùlé rẹ̀ ṣì dúró, wọ́n ní ilẹ̀ éékà kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn. Apá mẹ́ta ni fólíò rẹ̀ máa ní.

Apá kìíní á sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́: káúńtì, townland, ibi tó wà lórí máàpù. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé éékà tí wọ́n fi ń pọ́n yín lójú yẹn wà nínú rẹ̀? Àbí ilé nìkan ló wà níbẹ̀, tí pápá ẹ̀yìn wà nínú fólíò ẹlòmíràn?

Apá kejì á sọ ẹni tó ni ín. Orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tó wọ inú ìwé. Á sì sọ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe lágbára tó. Tẹ́ ẹ bá rí absolute, ó dúró sán-ún, ìjọba ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí possessory, ẹ rọra. Ẹni náà ti wà lórí ilẹ̀ yẹn pẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tó fi débẹ̀ kò pé. Kò túmọ̀ sí pé olè ni. Ó túmọ̀ sí pé lọ́yà yín ní ìbéèrè láti bi.

Apá kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú méjèèjì kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ẹrù tó wà lórí ilẹ̀ sí. Gbèsè báǹkì á wà níbẹ̀. Gbèsè tí kóòtù dájọ́ lé lórí á wà níbẹ̀. Bí aládùúgbò bá ní ẹ̀tọ́ láti wa katakata kọjá lójúlé yín lọ sí oko rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀. Bí ìdílé kan bá ní ẹ̀tọ́ láti máa gbẹ́ turf, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ń dáná, ó lè wà níbẹ̀.

Ẹ sì lè bá ìyá kan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Àṣà kan wà ní ìgbèríko Írẹ́lándì. Bí òbí bá ń dàgbà, wọ́n á kọ oko àti ilé fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi sínú ìwé pé ìyá, tàbí bàbá, ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé náà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi kún un pé ọmọ gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ, kó máa tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ̀tọ́ yìí bá ti wọ fólíò, kì í lọ nítorí pé ọmọ ta ilé. Ẹni tó ra ilé bá ìyá nílé ni. Ṣé ìyá ṣì wà láyé? Ṣé ilé ìtọ́jú àgbà ló wà? Ṣé ó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tà á? Bó bá ti jáde láyé, níbo ni ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ wà, kí wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò?

Mo fẹ́ràn apá yìí nínú òfin wọn gan-an. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ọmọ ò lè gba oko lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tán kó wá gbé ẹrù rẹ̀ síta. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyá wà nínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ là ń sọ. Mo ní ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ yìí. Mo ní kí ẹ kà á kí ẹ tó san owó.

Ẹ fún mi láyè kí n yà díẹ̀, torí ìtàn yìí wà lọ́kàn mi. Láàárín Dublin níbí, ní òpin Henrietta Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ King's Inns, ilé ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Registry of Deeds. Òfin ọdún 1707 ló dá a sílẹ̀. Ṣé nítorí ire gbogbo mùtúmùwà ni? Rárá o. Nígbà yẹn, òfin ti de àwọn Kátólíìkì mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ ní ìlú àwọn bàbá wọn. Àwọn tó ń ṣèjọba wá ń fura pé wọ́n ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ di ilẹ̀ mú lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìwé ilẹ̀ jáde síta, kí ojú lè tó o. Ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi ṣọ́ àwọn tí wọ́n ń ni lára, òun náà ni ọmọ ẹnikẹ́ni lè wọlé lọ ṣí lónìí, ọmọ Cork, ọmọ Kerry, ọmọ Ìjẹ̀bú.

Lóṣù Kẹfà ọdún 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Four Courts jóná. Ìwé ìkànìyàn, ìwé ìpíngún, ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ di eérú. Ṣùgbọ́n ìwé Henrietta Street kò sí níbẹ̀. Ó yọ. Ìwé kan tí wọ́n ń fi orúkọ Richard Griffith pè náà yọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1847 sí 1864, tó to orúkọ àwọn olórí ilé àti àwọn àgbẹ̀ káàkiri erékùṣù yìí, títí dé ẹni tó ní àhéré kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò rí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń wá síbí lọ́dọọdún, tí wọ́n ń wá ilé tí bàbá ńlá wọn ti jáde? Ìwé wọ̀nyí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó máa ń ṣe mí bíi kí àwa náà nírú rẹ̀ fún agboolé wa.

Kí n padà sọ́rọ̀. Ìyàtọ̀ wà o. Registry of Deeds kàn ń sọ pé wọ́n mú ìwé kan wá lọ́jọ́ báyìí. Kò ṣèlérí pé ẹni tó mú un wá ló ni ilẹ̀. Land Registry, èyí tó ní fólíò, òun ló ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ọdún 1892 ló bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ oko ló sì kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Kí nìdí? Ìjọba yá àwọn àgbẹ̀ lówó láti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó ilẹ̀ tí wọ́n ń sanwó oko fún, wọ́n sì pàṣẹ pé ilẹ̀ tí wọ́n bá fi owó yẹn rà gbọ́dọ̀ wọ ìwé. Dublin àti Cork ló kẹ́yìn, oṣù Kẹfà ọdún 2011 ni ó tó di dandan fún ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Oko ní Roscommon lè ní fólíò láti ayé bàbá ńlá wọn, kí ilé àtijọ́ láàárín Dublin má tíì ní. Tẹ́ ẹ bá wá ilé kan tí fólíò ò yọ, ẹ má kàn sọ pé jìbìtì ni. Ó lè jẹ́ Henrietta Street ni ìwé rẹ̀ wà. Ẹ gbé e fún lọ́yà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí àlàpà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń dúró de èyí.

Ìjọba ń fúnni lówó láti tún ilé tó ṣófo ṣe. Ó lè tó yúrò 50,000. Bí ilé náà bá ti bàjẹ́ kọjá ààlà, ó lè tó 70,000. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣófo fún ọdún méjì, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ kí ọdún 2008 tó wọlé. Owó yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wakọ̀ yí ìgbèríko ká lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ń wo ilé tí igi ti hù gba inú òrùlé rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan tó wù yín, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Fólíò.

Ẹ ṣí i. Orúkọ kan yọ. Ọjọ́ tó wọ inú ìwé: ọdún 1958. Ṣé ẹni yẹn ṣì wà láyé? Ẹ wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé kì í mọ̀ pé ènìyàn ti kú, àfi bí ẹnìkan bá lọ sọ fún un. Bàbá ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ ò pín ogún. Ọ̀kan wà ní Boston, ọ̀kan wà ní Birmingham, ọ̀kan ti kú, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Ọ̀kan ló kù nílé, òun ló ń jẹ́ kí màlúù rẹ̀ máa jẹko lẹ́yìn ilé. Ṣé irú èyí ṣàjèjì sí wa? Kò sí agboolé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé ẹbí nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé òyìnbó ló ni ín.

Ẹni tó wà nílé á sọ fún yín pé, "Ilé bàbá mi ni, mo lè tà á." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, kò lè tà á bí kóòtù ò bá tíì fọwọ́ sí ìwé ogún náà. Ẹ̀yin náà lè wádìí. Ní ilẹ̀ yìí, ìwé ìpíngún tí kóòtù bá ti fọwọ́ sí kì í ṣe ti ìdílé nìkan mọ́. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó bá sì pẹ́ á wà ní National Archives, ní Bishop Street, ní Dublin níbí.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn màlúù yẹn. Òfin Írẹ́lándì sọ pé ẹni tó bá di ilẹ̀ ẹlòmíràn mú fún ọdún 12 láìgba àṣẹ, láìjẹ́ pé onílẹ̀ lé e, lè sọ pé ti òun ni. Nítorí náà, ẹ wo ìwé, kí ẹ sì lọ wo ilẹ̀. Ta ló mọ ọgbà yìí? Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu géètì? Kì í ṣe gbogbo ẹrù orí ilẹ̀ ló ń wọ fólíò. Ipa ẹsẹ̀ tó ti mọ́ roro gba inú pápá lọ sí ibi omi, fólíò lè má mẹ́nu bà á. Máàpù fólíò pàápàá, kì í ṣe òun ló ń fi òpó ààlà síbi tó yẹ ní pàtó, òfin wọn fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ń wọn ilẹ̀ dání. Àwọn ilé kan wà tí sọ́kàwéè wọn wà nínú oko aládùúgbò, onílé ò mọ̀, aládùúgbò ò mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á ni ariwo máa ń sọ.

Bí mo ṣe mẹ́nu ba sọ́kàwéè yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí wéré. Ìwé mìíràn tún wà: fáìlì ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́, ní county council. Òun náà ṣí sílẹ̀. Ẹ lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè lọ sí ọ́fíìsì wọn kí ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó. Nínú fáìlì yẹn lẹ ti máa mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ sí yàrá tí wọ́n fi kún ilé lẹ́yìn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ sọ́kàwéè, torí pé ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko kò ní páìpù ìdọ̀tí ìjọba. Ibẹ̀ náà lẹ ti lè rí àdéhùn kan tó ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé wọ́n fún onílé láyè láti kọ́lé nítorí pé ọmọ àdúgbò ni, àti pé òun, tàbí ọmọ àdúgbò bíi tirẹ̀, ló gbọ́dọ̀ máa gbé ibẹ̀ fún ọdún méje. Bí ọdún méje yẹn ò bá tíì pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Dublin ńkọ́? Ẹ bi lọ́yà yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Iye owó ńkọ́? Òun náà ò pamọ́. Property Price Register wà, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ilé gbígbé tí wọ́n ti tà ní Írẹ́lándì láti oṣù Kìíní ọdún 2010 ló wà níbẹ̀, àdírẹ́sì, ọjọ́, àti iye. Bí ejẹ́ǹtì bá sọ pé báyìí ni wọ́n ń tà á ládùúgbò yìí, ẹ wo ohun tí aládùúgbò san. Ẹ kàn rántí pé ilé tuntun, iye tó wà níbẹ̀ kò tíì ní owó orí VAT nínú. Àwọn tó ń bójú tó ìwé yẹn, Property Services Regulatory Authority, tí wọ́n wà ní Navan, ló tún ń fún ejẹ́ǹtì ní ìwé àṣẹ. Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà lójútáyé. Ẹ wò ó kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni rìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yá ilé gbé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ìyà yín ló ń ṣe mí jù. Ẹnìkan á mú kọ́kọ́rọ́ wá, á fi ilé hàn yín, á ní ènìyàn mẹ́fà ń bọ̀ lọ́la, kí ẹ tètè san owó àsansílẹ̀ lálẹ́ òní. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ní kó dúró. Ẹ wo fólíò. Ṣé orúkọ tó sọ ló wà níbẹ̀? Bó bá ní ejẹ́ǹtì lòun, ṣé ó wà lára àwọn tó ní àṣẹ? Bó bá bínú torí pé ẹ béèrè, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Lọ́yà ṣì ṣe pàtàkì o. Fólíò tẹ́ ẹ kà kò sọ yín di lọ́yà. Ohun tó ṣe fún yín ni pé ẹ ò ní wọ ọ́fíìsì lọ́yà láìmọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè. Ẹ sì jọ̀ọ́, ìwé yìí kì í ṣe fún òfófó. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi yúrò 5 wo iye báǹkì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ lówó.

Ó ku ohun kan ṣoṣo, mo sì fẹ́ kí tọkọtaya jọ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé, fólíò tiyín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn? Orúkọ ta ló wà ní apá kejì? Ṣé ẹni méjèèjì tó ń san gbèsè ilé ló wà níbẹ̀, àbí orúkọ ọkọ nìkan? Òfin ọdún 1976 sọ pé ọkọ kò lè ta ilé tí ìdílé ń gbé láìjẹ́ pé aya fọwọ́ sí ìwé, aya náà kò sì lè tà á láìsí ti ọkọ. Ààbò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ààbò yàtọ̀ sí pé kí orúkọ ẹni wà nínú ìwé. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti fi san owó ilé, ẹ ṣí i wò. Bí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ jọ jókòó sọ ọ́ nígbà tí àlàáfíà wà, lọ́yà lè bá yín fi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti san gbèsè báǹkì tán, ẹ wo apá kẹta. Ṣé wọ́n ti yọ báǹkì kúrò? Bí wọn ò bá tíì yọ ọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Bẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè lórí fólíò yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Lọ́yà kan tó gbọ́ Yorùbá á wà pẹ̀lú wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa dáhùn. Ẹ jẹ́ kí nọ́mbà fólíò yín wà nítòsí.